Ẹni Tó Fẹ́ Kàwé ní Ítálì, Kó Kọ́ Èdè Ítálì

Bí ọmọ bá sọ nínú ilé Yorùbá pé ìmọ̀ ìṣègùn lòun fẹ́ lọ kà ní Ítálì, wọn á pe ẹbí jọ, wọn á gbàdúrà, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Bó bá ní iṣẹ́ ẹnjiníà ni, àdúrà yẹn náà ni wọn yóò gbà. Ṣùgbọ́n bó bá ní èdè Ítálì àti àṣà àwọn tó ń sọ ọ́ lòun fẹ́ fi gba digirí, ojú bàbá á fà ro, ìyá á sì béèrè pé: "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe ti òpè. Owó ilé ló fẹ́ ná, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún sì ni ọmọ yóò fi jókòó tì í. Ó yẹ kí wọ́n dá a lóhùn dáadáa.

Lóde òní, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ń gbà dé Ítálì kò kan èdè ibẹ̀ rárá. Politecnico di Torino, Politecnico di Milano, Yunifásítì Padua àti ti Bologna ní ẹ̀kọ́ másítà tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í dọ́gba fún gbogbo ènìyàn: iye tó ń wọlé fún ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní owó ìrànwọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí, ó sì ti ran ọmọ tálákà lọ́wọ́. Àmọ́ ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò dùn mọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á dé Turin, á bá ará ilé gbé yàrá, á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Nàìjíríà, á gba ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, á fi Gẹ̀ẹ́sì kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, á sì gba digirí lẹ́yìn ọdún méjì láìlè ka lẹ́tà tí onílé kọ sí i. Ńṣe ló dà bí ẹni tó re ọjà Bódìjà tó sì gbé agbọ̀n òfìfo bọ̀ wálé.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún kò le: kí èdè Ítálì di ẹ̀kọ́ gidi lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, yálà ó fi gba digirí gan-an tàbí ó kọ́ ọ mọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Èdè náà dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn nìkan kò tó ìdí. Ìdí tó wúwo jù ni pé ó ṣòro láti rí èdè Yúróòpù mìíràn tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ìṣòro tí Yorùbá ń bá yí tó ti Ítálì.

Àwọn ará Ítálì fúnra wọn ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù. Ní ọdún 2012, Politecnico di Milano kéde pé láti ọdún 2014, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn yóò máa fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ másítà àti ti ọ̀mọ̀wé. Àwọn olùkọ́ kan nínú yunifásítì náà fárígá, wọ́n pẹjọ́. Ẹjọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀, títí ó fi dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ yìí sọ pé yunifásítì lè fi èdè òkèèrè kọ́ni, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ lé èdè Ítálì jáde pátápátá nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ wò ó: èdè tó ní ìwé, tó ní ìjọba, tó ní tẹlifíṣọ̀n, ló ṣì ní láti gba iwájú adájọ́ kọjá kí àyè tó ṣẹ́kù fún un nínú kíláàsì ní Milan. Ìjà tó yẹ kó jẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìbàdàn lógún ni, àmọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè náà lè gbé inú ìlú yẹn kó má mọ̀ pé ìjà kankan ń lọ.

Àwọn wo ló tilẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ èdè Ítálì lọ sí yunifásítì òkèèrè? Lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, àṣíkiri àti ìsáǹsá ló wà níbẹ̀. Lorenzo Da Ponte, tí wọ́n bí ní ọdún 1749 sí ẹbí Júù kan ní Ceneda, ìlú kan ní àríwá Venice, di Kristẹni, ó di àlùfáà, ó sì di òǹkọ̀wé. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ tí Mozart fi ohùn sí nínú eré olórin mẹ́ta tí ayé ṣì ń ṣe títí dòní: Le nozze di Figaro, Don Giovanni àti Così fan tutte. Gbèsè lé e kúrò ní Yúróòpù. Ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1805, ó sì ṣí ìsọ̀, ó ń ta oúnjẹ àti ọjà wẹ́wẹ́. Ọdún 1825 ni Columbia College ní New York sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Ítálì àkọ́kọ́ wọn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, wọn kò sì san owó oṣù fún un. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá mú wá ló ń gbà.

Ní London, Antonio Panizzi ni. Agbẹjọ́rò ni ní ilẹ̀ rẹ̀, ó lọ́wọ́ sí ọ̀tẹ̀ ìdákọ́ńkọ́ tó fẹ́ gba ìlú lọ́wọ́ àwọn aninilára, ó sá lọ ní ọdún 1822, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un lẹ́yìn tó ti lọ. Ó ń kọ́ àwọn ará Liverpool ní èdè Ítálì kí ó lè rí jẹ. Ní ọdún 1828 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ fún èdè Ítálì ní University of London tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí UCL lónìí. Nígbà tó yá, òun ni olórí ilé ìkàwé British Museum.

Ó yẹ kí ìtàn àwọn méjèèjì yìí wọ àṣíkiri ilẹ̀ Áfíríkà lára, torí ọ̀nà kan náà ni àwọn kan ti gbà lọ sí Ítálì. Pap Khouma láti Senegal ta ọjà káàkiri etíkun àti òpópónà ibẹ̀, ó kọ́ èdè náà, òun àti akọ̀ròyìn Oreste Pivetta sì gbé ìwé Io, venditore di elefanti jáde ní ọdún 1990, lára àwọn ìwé tó ṣílẹ̀kùn fún òǹkọ̀wé àṣíkiri ní èdè Ítálì. Jhumpa Lahiri, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Bengal, tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tó sì ti gba ẹ̀bùn Pulitzer fún ìwé tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, kó ilé lọ sí Rome ní ọdún 2012, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ní èdè Ítálì. In altre parole jáde ní ọdún 2015. Ìtàn àròsọ tó fi èdè náà kọ, Dove mi trovo, tẹ̀ lé e ní ọdún 2018. Obìnrin yìí kò ní Ítálì nínú ìdílé bàbá tàbí ti ìyá. Ó kàn jókòó ti èdè náà ni, ọdún lórí ọdún.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ kò ní pẹ́ bá Dante Alighieri pàdé. Florence ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1265. Òṣèlú lé e jáde ní ọdún 1302, kò sì padà wọ ìlú náà mọ́ títí ó fi kú sí Ravenna ní ọdún 1321. Láyé ìgbà náà, ọ̀mọ̀wé tó bá fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka iṣẹ́ òun, Látìn ni yóò fi kọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1303 sí 1305, Dante fi Látìn kọ ìwé kan, De vulgari eloquentia, láti fi sọ fún àwọn onílátìn pé èdè tí ọmọ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tọ́ ọ ló níyì ju èyí tí ó lọ kọ́ nílé ìwé lọ. Kò dúró síbẹ̀. Ó ka ẹ̀ka èdè mẹ́rìnlá tó wà ní Ítálì, ó ń wá èyí tó yẹ fún ewì ńlá láàárín wọn, ó sì ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ ti Florence ìlú rẹ̀. Kò parí ìwé náà. Ìgbà tó wá kọ ewì ńlá rẹ̀, Commedia, orí èdè Florence tí kò fi ara mọ́ yẹn náà ló gbé e kà.

Ọmọ Yorùbá wo ni yóò ka èyí tí kò ní rántí àríyànjiyàn tó wà lórí Yorùbá àjùmọ̀lò? Ta ló ni ín, Ọ̀yọ́ àbí ta ni? Ìjẹ̀bú dà? Èkìtì dà, Oǹdó dà, Ìkálẹ̀ dà? Ní Ítálì, wọ́n ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣe àríyànjiyàn yìí, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Pietro Bembo, ọmọ Venice, sọ nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1525 pé kí gbogbo ènìyàn máa kọ̀wé bí àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ Petrarch àti Boccaccio ṣe kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ti kú láti bí àádọ́jọ ọdún. Wọ́n dá Accademia della Crusca, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè, sílẹ̀ ní Florence ní ọdún 1583, ìwé atúmọ̀ èdè wọn sì jáde ní ọdún 1612. Èdè wà nínú ìwé, ó lẹ́wà, ó tò. Ní ìta, Naples ń sọ ti Naples, Sicily ń sọ tirẹ̀, Milan ń sọ ti Milan.

Onímọ̀ èdè Tullio De Mauro ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n so Ítálì pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ní ọdún 1861, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bóyá ni iye tó lè sọ èdè Ítálì fi lé ní méjì ààbọ̀. Onímọ̀ mìíràn, Arrigo Castellani, ní ó kéré jù, ó yẹ kó tó bí mẹ́wàá. Kí a tilẹ̀ gbà á fún Castellani: àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni kò gbọ́ èdè orílẹ̀-èdè tiwọn. Ọba tó gorí ìtẹ́ náà, Vittorio Emanuele Kejì, èdè Piedmont ló mọ́ ọn lẹ́nu jù.

Òǹkọ̀wé Alessandro Manzoni wà lára àwọn tó fi ìṣòro èdè yìí ṣe iṣẹ́ ayé wọn. Ará Milan ni, èdè Milan àti Faransé ló ń sọ nílé. Ó gbé ìtàn àròsọ rẹ̀, I promessi sposi, jáde ní ọdún 1827, ó kà á, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ sí Florence lọ́dún yẹn kan náà, ó fetí sí bí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, ó sì tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀dà tuntun náà jáde láàárín ọdún 1840 sí 1842. Èyí ni àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Ítálì ṣì ń kà dòní, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kùn sí. Kò burú kí wọ́n kùn. Ó yẹ kí àlejò tó ń kọ́ èdè náà mọ bí ènìyàn ṣe lè fẹ́ràn gbólóhùn débi pé ó tún odindi ìwé kọ nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe òǹkọ̀wé nìkan ló parí iṣẹ́ ìṣọ̀kan èdè náà. Ilé ìwé wà níbẹ̀, iṣẹ́ ológun wà níbẹ̀, àti àwọn tó kó kúrò lóko lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Tẹlifíṣọ̀n sì wá dé. Ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ RAI bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó sì di ọdún 1960, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Alberto Manzi bẹ̀rẹ̀ ètò Non è mai troppo tardi. Ó ń yàwòrán sórí bébà ńlá, ó ń fi kọ́ àgbàlagbà tí kò lọ ilé ìwé rí bí a ṣe ń kàwé àti bí a ṣe ń kọ ọ́. Ètò náà lọ títí di ọdún 1968. Àwọn àgbẹ̀ àti ìyá àgbà ń jókòó sí ilé ọtí abúlé kí wọ́n lè rí i, torí kì í ṣe gbogbo ilé ló ní tẹlifíṣọ̀n.

Ìwé kan wà tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kankan fò: Lettera a una professoressa, tó jáde ní ọdún 1967. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ ló kọ ọ́, ní abẹ́ àkóso Don Lorenzo Milani, àlùfáà tí wọ́n rán lọ sí Barbiana, abúlé kékeré kan lórí òkè ní ẹ̀gbẹ́ Florence. Wọ́n ń bá olùkọ́ tó já wọn kulẹ̀ nínú ìdánwò sọ̀rọ̀ láìfi bọpo bọyọ̀. Àlàyé wọn ni pé ilé ìwé ń fìyà jẹ ọmọ tálákà nítorí pé ọ̀rọ̀ tó mọ̀ kéré, èdè tó gbé wá láti ilé kì í sì í ṣe èyí tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ títí dé kíláàsì kẹfà. Ẹni tó bá ka ìwé Barbiana lédè tí wọ́n fi kọ ọ́, tó sì mọ ohun tí Fáfúnwá ṣe, ti ní iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìṣọ̀kan èdè yìí kò ní iye tó ná wọn. Òfin 482 ọdún 1999 dáàbò bo èdè kéékèèké méjìlá, lára wọn ni ti Sardinia àti ti Friuli. Ti Naples àti ti Sicily kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ wọ́n. Nínú L'amica geniale, ìtàn tí Elena Ferrante gbé jáde ní ọdún 2011 àti àwọn ìwé mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin láti àdúgbò òtòṣì ní Naples fi ìwé kíkà jáde nínú ìṣẹ́ títí ó fi dé Scuola Normale ní Pisa, bí ó sì ṣe ń gòkè ni ó ń fi èdè ilé sílẹ̀. Bí inú bá bí i, èdè ilé á tún padà sí ẹnu rẹ̀. Ọmọ Èkìtì tàbí Àkókó tí wọ́n ti fi ohùn ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní Èkó kò nílò olùkọ́ tí yóò la èyí yé e.

Ní ti kíkọ́ èdè náà fúnra rẹ̀, ibi tí orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ jù ni Siena, tó ti ń kọ́ àjèjì láti ọdún 1917, àti Perugia, níbi tí Astorre Lupattelli ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1921. Àwọn méjèèjì ní yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àjèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdánwò ìwé ẹ̀rí tirẹ̀: CILS ti Siena, CELI ti Perugia. Inú ààfin Palazzo Gallenga Stuart ni ti Perugia wà, ó kọjú sí ẹnubodè olókùúta tí àwọn Etruscan kọ́ kí àwọn ará Rome tó jọba lórí ibẹ̀.

Ẹnu Yorùbá bá èdè Ítálì mu ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Fáwẹ́lì ló parí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn, bíi tiwa. Ibi tó ti le ni kọ́ńsónáǹtì oníméjì, torí Yorùbá kò ní irú rẹ̀: pala ni ṣọ́bìrì, palla ni bọ́ọ̀lù, àkókò tí ahọ́n fi dúró díẹ̀ lórí "l" nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Akọ àti abo tó wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń da ẹni tó ti ń fi "ó" pe ọkùnrin, obìnrin, àga àti ewúrẹ́ láàmú. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀wọ̀, ilé ló dé. Àwọn ará Ítálì ní tu fún ọ̀rẹ́ àti ọmọdé, wọ́n ní Lei fún àgbà àti ẹni tí wọn kò mọ̀. Ní gúúsù, àwọn kan ṣì ń fi voi pe àgbà, èyí tó jọ "ẹ̀yin" gan-an. Ní ọdún 1938, ìjọba Mussolini pàṣẹ pé kí wọ́n yé lo Lei, kí gbogbo ènìyàn máa lo voi, wọ́n ní Lei kì í ṣe ti ọmọ Ítálì tòótọ́. Ìwé ìròyìn obìnrin kan tó ń jẹ́ Lei ní láti yí orúkọ padà sí Annabella. Ìjọba náà wó, Lei sì padà. Ìwé gírámà lásán kò ní sọ èyí fún ni. Kíláàsì yunifásítì ni.

Àjọṣe tó wà láàárín ilẹ̀ wa àti Ítálì pẹ́ ju bí a ti ń rò lọ. Gbogbo ọmọ tó fi dò, re, mí kọ́ àmì ohùn Yorùbá nílé ìwé ti jẹ nínú iṣẹ́ Guido ará Arezzo, mọ́ńkì tó fi ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ìlà orin ìsìn kan sọ ohùn orin lórúkọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. "Ut" ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ítálì ló sọ ọ́ di "do" nígbà tó yá. Francesco Borghero, fadá tí wọ́n bí ní agbègbè Genoa, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọdún 1861, ó sì dé Èkó ní ọdún 1863, níbi tó ti bá àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá tí wọ́n ń sin Ọlọ́run láìní àlùfáà. Àwọn ará Ítálì ló dá ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé Cappa and D'Alberto sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1932. Láti ọwọ́ tiwa lọ sọ́dọ̀ wọn, Amos Tútùọlá ti wà ní èdè Ítálì tipẹ́, Il bevitore di vino di palma ni wọ́n pe ìwé ẹlẹ́mu rẹ̀. Láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tú ìyẹn. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún ẹni tó lè ti inú Yorùbá gbé Fágúnwà lọ síbẹ̀ tààrà.

Ẹ̀kọ́ àṣà Ítálì tó bá dá lórí Michelangelo, oúnjẹ àti eré orin nìkan kò pé. Ogun Adwa ọdún 1896 wà níbẹ̀, níbi tí Ethiopia ti ṣẹ́gun wọn. Ọdún 1935 wà níbẹ̀, tí wọ́n padà lọ, tí wọ́n sì fi gáàsì olóró pa ènìyàn. Ìwé ìròyìn Èkó nígbà náà kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1937 wà níbẹ̀, tí wọ́n pa àwọn ará Addis Ababa nípakúpa lábẹ́ àkóso Graziani, ọ̀gágun Ítálì. Angelo Del Boca ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tú ìwé ìjọba wò láti fi ìdí ọ̀rọ̀ gáàsì múlẹ̀, wọ́n sì ń bú u. Ọdún 1996 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ológun tó gbà pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, ní ọdún 2012, ìlú Affile kọ́ ilé ìrántí fún Graziani. Igiaba Scego, tí wọ́n bí ní Rome fún òbí ará Somalia, ń kọ̀wé lórí gbogbo èyí ní èdè Ítálì, ó ń bá àwọn tó ti ń sọ èdè náà láti kékeré sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ọmọ Áfíríkà kò bá gbọ́ èdè náà, báwo ni yóò ṣe dá sí i?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìdánwò ní yunifásítì Ítálì tún jẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn yòókù á máa gbọ́, wọn á sì bi í léèrè títí. Ọgbọ̀n ni máàkì tó pé, láti méjìdínlógún ni yíyege ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí máàkì kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè kọ̀ ọ́, kó padà wá nígbà mìíràn. Ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, wọn á fi ewé lọ́ọ̀rẹ́lì ṣe adé fún un lórí, wọn á sì máa pè é ní dottore tàbí dottoressa.  Ọmọ tí òwe àti àlọ́ ti là lẹ́nu kò yẹ kó bẹ̀rù ìdánwò alóhùn.

Wàyí o, ìbéèrè ìyá: kí ni yóò fi ṣe? Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ítálì pẹ̀lú ìwé àṣẹ lé ní 100,000. Àwọn ará Ẹdó ló pọ̀ jù, àwọn mìíràn náà sì wà. Wọ́n ń bímọ ní ọsibítù, wọ́n ń ṣẹjọ́ ní kóòtù, olùkọ́ ọmọ wọn ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Òfin ìṣíkiri tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 mẹ́nu ba àwọn tí wọ́n ń pè ní mediatore, ẹni tó ń dúró láàárín àjèjì àti ìjọba, tó gbọ́ èdè ọ̀tún tó gbọ́ tòsì, tó sì mọ ìdí tí ìyá kan fi ń mi orí nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà. Òfin kan náà ní àyè fún ààbò ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tàn kó wá ṣe aṣẹ́wó, bí ó bá lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ta ni yóò bá a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní èdè tí adájọ́ gbọ́? Ẹni tó gbọ́ Pijin, Ẹdó tàbí Yorùbá, tó sì gbọ́ èdè Ítálì ìjìnlẹ̀. Láti ọdún 2010, ẹni tó bá fẹ́ ìwé ìgbélùú onígbà pípẹ́ ní láti ṣe ìdánwò èdè ní ìpele A2; láti ọdún 2018, ìpele B1 ni fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè. Olùkọ́ tó mọ ibi tí ahọ́n ará Nàìjíríà ti ń kọsẹ̀ yóò ríṣẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ kíkọ́ èdè yìí kò yẹ kó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní Faransé, Jámánì àti èdè Rọ́ṣíà. Ifẹ̀ ní Faransé, Jámánì àti Potogí. Ilé iṣẹ́ ìjọba Ítálì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè ní ètò tí wọ́n fi ń rán olùkọ́ èdè lọ sí yunifásítì ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n sì ń fi owó ran àwọn tó bá gba ẹ̀kọ́ náà wọlé lọ́wọ́. Kí àwọn gíwá yunifásítì wa kọ̀wé béèrè. Kí wọ́n sì béèrè nǹkan padà: ní Naples, yunifásítì L'Orientale, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ọdún 1732 wá, ti ń kọ́ni ní Hausa láti ọ̀pọ̀ ọdún, Sergio Baldi sì lo ìgbà ayé iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè yẹn níbẹ̀. Kí àwọn onímọ̀ Yorùbá bá wọn jókòó lórí àyè fún Yorùbá.

Ní ti ọmọ tó ti pinnu, kó bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi èdè Ítálì kọ́ ń béèrè ìpele B2, ẹni tó bá sì ní ìwé ẹ̀rí CILS tàbí CELI ní ìpele yẹn kò ní tún ìdánwò èdè ṣe nígbà tó bá dé. Orí ìkànnì Universitaly ni ìforúkọsílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, físà sì ń tẹ̀ lé e, ìyẹn náà ń gba àkókò. Kí ó fún ara rẹ̀ ní ọdún kan gbáko fún èdè náà ṣáájú, pẹ̀lú olùkọ́ bí ó bá rí, kí ó sì fi rédíò àti fíìmù wọn kún un lójoojúmọ́.